Àwọn Ère Òkúta Èsìẹ́

Bí ẹ bá dé Òmù-Àrán ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ má ṣe padà sílé láìyà sí Èsìẹ́. Ìlú náà kò jìnnà, kò sì tóbi. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1945. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn.

Ère òkúta tí ó ju 800 lọ ni ó wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jókòó lórí àpótí. Òmíràn mú àdá lọ́wọ́, òmíràn gbé apó ọfà, òmíràn ń lo ohun èlò orin. Èyí tí ó kéré jù kò ga tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn ńlá sì ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Òkúta wọn kì í ṣe líle bí ti àpáta. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ọ̀bẹ lásán sì lè gé e. Èyí ni ó jẹ́ kí àwọn tí ó gbẹ́ wọn lè fi irun dídì, ilẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ilà ojú hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ni orí ti yà kúrò lára wọn.

Ta ni ó gbẹ́ wọn? Àwọn ará Èsìẹ́ kò sọ pé àwọn baba wọn ni. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n bá wọn níbẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà ni pé àlejò ni wọ́n rí, tí a sọ di òkúta. Àwọn onímọ̀ kan nawọ́ sí Ifẹ̀, àwọn mìíràn sí Nupe, ẹnu wọn kò sì tíì kò.

Onígbàgbọ́ kan lè béèrè pé, kí ni ọmọ Ọlọ́run ń wá lọ sí ìdí ère tí a ti ń bọ lọ́dọọdún? Ìbéèrè rere ni. Ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó òrìṣà wọn jáde fún sísun; Odò-Ọwà tí a gbé bí i kò sì jìnnà sí ìhín. Síbẹ̀, ní ọdún 1933, H. G. Ramsay, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ C.M.S., ni ó jẹ́ kí ayé òde gbọ́ nípa àwọn ère Èsìẹ́. Ó wò wọ́n, kò kúnlẹ̀ fún wọn. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú wíwò iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Ohun tí ó wù mí jù ni pé a kò kó wọn lọ. Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní Lọ́ńdọ́nù títí di òní. Ti Èsìẹ́, ilé ni a wá kọ́ bá wọn ní ìlú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ó mú ọmọ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ wo irun orí àwọn ère náà, nítorí oríṣiríṣi ni. Ṣùgbọ́n ẹ di ọwọ́ wọn mú. Òkúta tí ó rọ̀ tó báyìí, èékánná ọmọdé pàápàá lè ha á.