Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nínú Fólídà

Wẹ́fíà ni ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá mọ iṣẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn sí, ìjà ló sì máa ń mú un wọ ẹnu wọn. Ìyàwó á fárígá, á ní òun ń gbé ọkọ lọ sí wẹ́fíà. Kó tó dalẹ́, ọkọ ti wá owó oúnjẹ ọmọ. Orúkọ yẹn ti pẹ́. Láti àwọn ọdún 1940, nígbà tí Donald Faulkner ń ṣe òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn fún ìjọba l'Ékòó, tó ń wá ibùsùn fún àwọn ọmọ tó ń sùn síta, ni wọ́n ti ń bẹ̀rù wa díẹ̀díẹ̀. Àwa ti ilé ìwòsàn kò tilẹ̀ rí ìbẹ̀rù yẹn jẹ. Aláìsàn ń pè wá ní nọ́ọ̀sì, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń wò wá bí ẹni tó ṣìnà wọ wọ́ọ̀dù.

Ẹgbẹ́ ló bá wa tún un ṣe. Láti 1975 tí wọ́n ti dá NASoW, ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ní Nàìjíríà, sílẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń bá ìjọba fà ni pé kí òfin sọ ẹni tó yẹ kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn, kí wọ́n yé fi ẹnikẹ́ni tí wọn ò ríbi fi sí sórí àga wa. Ìparí ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lu òfin tó dá ìgbìmọ̀ aláṣẹ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta! Mo ra aṣọ ẹgbẹ́, mo sì jó.

Síbẹ̀, Awóyè, abúlé etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo fi ń wọn ẹgbẹ́ wa. Igbókòdá lèèyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Ilé pákó lórí òpó ni, afárá pákó ló so ilé kan mọ́ èkejì, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ náà lọ. Àwọn àgbà á nàka síbi tí ìgbì ti ń fọ́, wọ́n á ní ibẹ̀ yẹn nilé bàbá àwọn wà. Ní 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ fẹ̀hónú hàn lórí pèpéle epo Parabe ti Chevron; sójà yìnbọn, ẹni méjì kú. Ẹjọ́ tí wọ́n pe Chevron lórí rẹ̀ dé San Francisco l'Ámẹ́ríkà, àwọn ará ibẹ̀ tí kóòtù yàn láti gbọ́ ọ sì dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní 2008. Ní oṣù Karùn-ún 2020, kànga epo Ororo-1 gbiná lójú òkun Awóyè, ọdún ń gorí ọdún, ó ń jó.

Ìwé ìròyìn kọ gbogbo ìyẹn. Ẹni tí kò róorun sùn nítorí rẹ̀ ni wọn kò kọ.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gbé fólídà bàbá apẹja kan láti Awóyè fún mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n ti fi bírò pupa kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kì í gbọ́ràn, kì í wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Mo ní, "Bàbá, kí ló ń dá yín dúró?"

"Ọmọ mi, owó bóòtù nìkan ju owó oògùn yín lọ. Bí òkun bá sì ń ru, ta ni ó gbé mi?"

Mo béèrè bóyá wọ́n ń sùn. Wọ́n ní ìjókòó làwọn máa ń wà lóru, káwọn lè máa gbọ́ bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilé. Ilé kẹta táwọn máa kọ́ nìyẹn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ bírò pupa. Dókítà kà á, ó fún wọn ní oògùn oṣù mẹ́ta pọ̀.

Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ti mọ̀ pé àìsàn nílé, ó sì lẹ́bí, nígbà tó ní kí àwọn alárùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Aro, l'Ábẹ́òkúta, máa gbé abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn ní 1954, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé.

Ta ló wá ń gbé ọ̀rọ̀ inú fólídà bẹ́ẹ̀ dé Àkúrẹ́ àti Àbújá? Ní Túsìdé kẹta oṣù Kẹta, tó jẹ́ àyájọ́ iṣẹ́ wa káàkiri ayé, a máa ń dé fìlà ẹgbẹ́, a máa ń tò lójú títì, a máa ń béèrè owó oṣù àti ipò. Mi ò bá wọn wí. Ebi ń pa àwa náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Oǹdó àti OSOPADEC, àjọ ìdàgbàsókè àgbègbè elépo ìpínlẹ̀ náà, bá ń ṣètò owó fún etí òkun, ó yẹ kí aṣojú wa wà níbẹ̀, kó gbé bàbá yẹn kalẹ̀ níwájú wọn láìdárúkọ, kó béèrè òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa gbé Igbókòdá, àti ọkọ̀ tí yóò máa gbé e wọ inú omi.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní òṣèlú ni mo ń ṣe, pé ọ̀rọ̀ òkun kò kan ìtọ́jú aláìsàn. Mo ní kó kọ oògùn tí bàbá náà máa lò sí omi abẹ́ ilé fún mi. Kò tíì dáhùn. Ìpàdé ẹ̀ka ń bọ̀. Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé pé kí ọ̀rọ̀ owó bóòtù ṣáájú ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́.