Aago Márùn-ún Ìrọ̀lẹ́ ní Òpópónà Pepple

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọjà hẹ́dífóònù máa ń gbóná ní Computer Village, Ìkẹjà. Òṣìṣẹ́ ti ń ṣíwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ti ń darí sílé, oníkálukú ló sì ń wá ohun tí yóò fi dí etí sí ariwo kọ̀ńdọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ń dúró dè é. Láti òpópónà Pepple jáde sí Medical Road, tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi àyè sílẹ̀ fún tábìlì: ṣájà, ìbòrí fóònù, pawabáńkì, íyapíìsì tí wọ́n fi rọ́bà dì bí ìdì ẹ̀fọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ọjà ń di èrò lápá mú: "Kí lẹ fẹ́ rà? Fóònù ni àbí láàpútọ́ọ̀pù? Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́." Orin ń jà lórí orin, débi pé kò sí èyí tí ẹni tó ń kọjá lè sọ pé òun gbọ́ dópin.

Àfi ọ̀kan. Lórí tábìlì kan lẹ́bàá gọ́tà, ohùn agídìgbo ń jò jáde nínú hẹ́dífóònù dúdú kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà abetí-ajá ló gbé orin náà wá nínú fóònù ara rẹ̀, àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ó ń gbé hẹ́dífóònù kọ́ etí, ó ń ṣí i kúrò, ó ń dá a padà fún ọmọkùnrin tó ń tajà, ó sì ń nawọ́ sí òmíràn. Kò tíì béèrè iye tí ọ̀kankan jẹ́.

Ohun tí bàbá yìí ń ṣe ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í ṣe. Wọ́n á wo páálí, wọ́n á ka nọ́ńbà, wọ́n á sanwó. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà kan náà ló sábà máa ń wà lára páálí olówó pọ́ọ́kú àti ti olówó gọbọi: 20 Hz sí 20,000 Hz. Ibi tí etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá lè gbọ́ dé nìyẹn, kò sọ bí orin yóò ṣe dún. Ohun tó ya hẹ́dífóònù kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni ibi tó ti ń gbé ohùn sókè àti ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ rì láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Ìsàlẹ̀, títí dé nǹkan bí 250 Hz, ni béèsì ń gbé. Àárín ni ẹnu akọrin, gìtá, fèrè àti ọ̀rọ̀ inú ìlù wà. Òkè pátápátá ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti gbogbo ohun tó ń dún ṣáá-ṣáá.

Púpọ̀ nínú àwọn hẹ́dífóònù tó wà lórí tábìlì wọ̀nyí ni wọ́n ti gbé ìsàlẹ̀ sókè, tí wọ́n gbé òkè sókè pẹ̀lú, tí wọ́n wá tẹ àárín mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nínú ariwo ọjà, ẹni tó gbé hẹ́dífóònù kọ́ etí fún ìṣẹ́jú kan péré yóò ra èyí tó bá kọ́kọ́ gbá a láyà. Ó di ọjọ́ kẹta nínú yàrá rẹ̀ kó tó rí i pé ẹnu akọrin ti jìnnà sí òun, bí ẹni ń kọrin nínú ilé kejì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé béèsì tó pọ̀ burú fún gbogbo èèyàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá onífìlà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń dán íyapíìsì kékeré wò, orin amapiano ló sì fi ń dán an wò. Ìlù ńlá inú orin yẹn, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, jìn nísàlẹ̀ gan-an. Bí hẹ́dífóònù kò bá lè sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, orin náà kò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Íyapíìsì tó ń wọ ihò etí lọ ló rọrùn jù láti fi owó kékeré rí béèsì bẹ́ẹ̀, nítorí inú etí tó dí pa kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ béèsì sá lọ. Dídí yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń tà á fún un bọ́ rọ́bà kékeré orí íyapíìsì, ó fi èyí tó tóbi díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó ní kó tún un tì bọ etí. Ojú rẹ̀ là. Rọ́bà mẹ́ta tó tóbi jura wọn lọ ló sábà máa ń wà nínú páálí, èyí tó wà lórí rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kọ́ ló sì máa ń bá gbogbo etí mu. Ọ̀pọ̀ ń bínú sí íyapíìsì tó dára, rọ́bà ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Bàbá onífìlà ti tún dá ọ̀kan padà.

Kò sẹ́ni tó lè dúró ní Pepple kó sọ̀rọ̀ orin tí kò ní rántí pé òpópónà yìí ni Afrika Shrine, ilé orin Fẹlá Aníkúlápó Kútì, wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìgbà tí àwọn sójà dáná sun Kàlákútà, ilé rẹ̀, ní 1977. Ilé gbígbé ló pọ̀ ládùúgbò náà nígbà yẹn, kò sí ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà. Fẹlá kú ní 1997. Ní 2000, Shrine tuntun ṣí ní Agídíngbi, ọjà kọ̀ǹpútà sì ti ń gba àdúgbò Pepple lọ́wọ́ àwọn onílé. Ẹni tó bá dàgbà tó lè ṣì máa wá fèrè ńlá nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ohun tó kù fún un báyìí ni kó rà á kọ́ etí.

Ẹni tó bá ń fetí sí Fẹlá, ìtura ni kó kọ́kọ́ rà. Orin rẹ̀ kan lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, òmíràn ju ogún lọ, hẹ́dífóònù tó bá sì ń fún etí kò ní jẹ́ kí ó gbọ́ ibi tí akọrin ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Kó wá èyí tó bo gbogbo etí, tí tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀. Àwo kékeré tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 40 ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ó sì ń fún fèrè ńlá àti gìtá béèsì láyè láti dún láìfún ara wọn. Ìlù Tony Allen, tó lùlù fún Fẹlá, ni ìdánwò gidi: ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kì í sọ ohun kan náà, hẹ́dífóònù tó bá dà wọ́n pọ̀ kò yẹ.

Jùjú fẹ́ àyè ju béèsì lọ. Nínú orin King Sunny Adé, gìtá mẹ́ta sí mẹ́rin lè máa dá ara wọn lóhùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí gìtá onírin tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sì máa fa gùn-ún láàárín wọn, bó ṣe wà nínú àwo "Juju Music" ti 1982. Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ló ń ya wọ́n sọ́tọ̀ jù. Koss Porta Pro, tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ti ń tà láti 1984, jẹ́ ọ̀kan tí kò gbówó lórí púpọ̀ nínú irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ti ń lo irú èyí. Nínú dáńfó, ariwo ìta á wọlé, orin á jáde, ẹni tó jókòó tì ọ́ á sì mọ ẹni tí Ebenezer Obey ń kì.

Ní ti fújì, eré ni. Inú wéré tí wọ́n fi ń jí ènìyàn sáàrì ló ti jáde wá, ìlù ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì pọ̀, wọ́n ń sáré. Béèsì tó wúwo tí kò tètè lọ a máa gun orí ìlù tó tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á di gbìgbì. Fún Barrister tàbí Kollington, kí olùrà yan èyí tí béèsì rẹ̀ mọ níwọ̀n, kódà kí ó jọ pé kò tó létí ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ wáyà àti aláìníwáyà kò gba àlàyé púpọ̀. Owó kan náà, oníwáyà ló sábà máa ń dún dáadáa ju Bluetooth lọ, nítorí owó bátìrì àti owó rédíò inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bátìrì tó bá sì ti gbó nínú íyapíìsì kékeré, kì í ṣe é pààrọ̀ lọ bọ̀rọ̀. Èyí tó ń pa ariwo ìta mọ́lẹ̀ wúlò fún jẹnẹrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ohùn tó ń lọ lọ́gbọọgba ló mọ̀ ọ́n pa jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ohùn kọ̀ńdọ́. Lára páálí, 16 tàbí 32 ohms ló bá fóònù mu. Ẹni tó bá rí hẹ́dífóònù sítúdíò tòkunbọ̀ tó jẹ́ 250 ohms, irú èyí tí Beyerdynamic ń ṣe ní Jámánì, kó mọ̀ pé fóònù kò lágbára láti gbé ohùn rẹ̀ dáadáa. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Orúkọ ńlá ní owó àkàrà ti sọ ara rẹ̀ tán. Orúkọ kékeré tó jẹ́ ojúlówó sàn jù ú.

Lórí tábìlì lẹ́bàá gọ́tà, sùúrù ọmọkùnrin náà ti ń tán.

"Bàbá, ẹ gbọ́ èyí. Béèsì ẹ̀ á mì yín."

Bàbá gbé e kọ́ etí, ó tẹ́tí díẹ̀. "Ó ń gbá, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé ó ń gbá. Kí ni ìlù ń wí?"

"Ẹ̀n, sà?"

"Ìlù. Kí ló ń wí?"

Ọmọkùnrin náà gbà á, ó gbé e kọ́ etí tirẹ̀. "Ìlù ń dún, sà."

"Ó ń dún, kò sọ̀rọ̀. Gbé èyí tó wà lábẹ́ yẹn wá."

"Èyí? Èyí ti pẹ́ o, sà. Kò ní béèsì. Àwọn tó ń fi láàpútọ́ọ̀pù ṣe ìpàdé ló máa ń rà á."

"Ṣáà gbé e wá."

Hẹ́dífóònù eléérú ni, oníwáyà, tìmùtìmù rẹ̀ tín-ín-rín, eruku wà lórí ọ̀pá rẹ̀. Bàbá fi etí agbádá nù ún, ó ki wáyà bọ fóònù. Kò sọ̀rọ̀. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu etí tábìlì, kì í ṣe bí ẹni ń ka orin, bí ẹni ń dá ìlù lóhùn ni.

"Òun nìyí. Èló?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, sà."

"Èyí tó ti pẹ́, tí kò ní béèsì?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú méje wá, bàbá."

"Mẹ́fà."

"Ẹ fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e, kí n rí owó mọ́tò."

Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Bàbá yìí ló sì jàre lórí àpàlà. Púpọ̀ nínú àwọn orin Hárúnà Ìṣọ̀lá tó wà lórí fóònù lónìí, inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ni wọ́n ti gbà á, ariwo abẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀. Hẹ́dífóònù tó bá gbé òkè sókè yóò gbé ariwo yẹn sókè pẹ̀lú. Ahọ́n irin agídìgbo kò sì nílò ìrànwọ́ láti ìsàlẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àárín ni ìlù ti ń sọ̀rọ̀. Yorùbá tó bá ra hẹ́dífóònù tó tẹ àárín rì ti sanwó láti sọ ìlù di odi, bẹ́ẹ̀ béèsì ni wọ́n fi polówó rẹ̀ fún un.

Ohun kan kù, ìwọ̀n ariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n fún àgbàlagbà. Bí ohùn bá fi 3 dB lọ sókè, wákàtí náà á dín sí ìdajì. Ẹni tí hẹ́dífóònù rẹ̀ dí etí dáadáa kò ní nílò láti yí i lọ sókè nínú ọkọ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá ra tirẹ̀, kó ti gba orin bíi mẹ́ta tó mọ̀ dunjú sórí fóònù láti ilé, kó má gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ̀kì inú ọjà. Bí ẹnu fóònù rẹ̀ kò bá gba wáyà, kó mú ohun tí wọ́n fi ń so ó dání. Kó dán apá ọ̀tún àti apá òsì wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kó sì gba rìsíìtì. Wọn kì í tajà lọ́jọ́ Àìkú.