Aṣọ inú ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní oṣù Kejìlá, kò sí ilé kan ní Moshie Zongo, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, tí kì í gba eruku lálejò. Eruku ọ̀hún kì í ṣe ti ojúde nìkan. Àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ni apá kan rẹ̀ ti gbéra, tí afẹ́fẹ́ gbé e la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá, tó sì wá bà sórí tábìlì, sórí bẹ́ẹ̀dì àti sórí ẹní ìkírun. Àwọn Mossi tí orírun wọn wà ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Burkina Faso lónìí ni wọ́n forúkọ wọn pe àdúgbò náà. Ọ̀rọ̀ Hausa ni zongo fúnra rẹ̀, ibùdó àwọn oníṣòwò tó ń rìnrìn àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Yorùbá náà kò ṣàjèjì níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí òfin ìjọba Busia lé wálé lọ́dún 1969 ló mọ zongo bí ẹni mowó.

Ọwọ̀ ni wọ́n fi ń bá eruku jà láti ilẹ̀ wá. Ẹni tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì, tó wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbá a, tó sì fi aṣọ tútù nù ún lẹ́yìn náà, kò nílò ẹ̀rọ kankan, kó má wulẹ̀ da owó rẹ̀ nù. Kápẹ́ẹ̀tì ni ìjọ̀ngbọ̀n. Ọwọ̀ kì í kó eruku kúrò nínú irun kápẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló ń rú u sókè. Tí ẹni tó gbálẹ̀ bá ti jókòó tán, eruku náà á tún rọra sọ̀ kalẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ẹ rántí pé Mùsùlùmí tó ń kírun ń fi iwájú orí àti imú kan ilẹ̀ yìí nígbà márùn-ún lóòjọ́. Bí ọmọ tó ní ikọ́ fée bá wà nínú yàrá náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé tó mọ́ tónítóní, ó ti di ti èémí.

Ọ̀rọ̀ èémí yìí kan náà ló gbé ẹ̀rọ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní vacuum cleaner wọ ilé àwọn èèyàn. Agbálẹ̀ ni James Murray Spangler ní ilé ìtajà kan ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, ikọ́ fée sì ń bá a jà. Eruku tó ń gbá ń dá kún àìsàn rẹ̀. Lọ́dún 1907, ó so mọ́tò fáànù mọ́ àpótí ọṣẹ àti igi ọwọ̀, ó sì so àpò ìrọ̀rí mọ́ ọn lẹ́yìn kí eruku lè máa kó síbẹ̀. Lọ́dún 1908, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ, William Hoover sì ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1901 ní London, Hubert Cecil Booth ti fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, ó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ lára àga, ó sì rí i bí eruku ṣe lẹ̀ mọ́ aṣọ náà. Aṣọ ìnujú ni ti ọ̀kan, àpò ìrọ̀rí ni ti èkejì. Kí ẹ̀rọ fa eruku kò le; kó dì í mú, kó má tún tu ú padà sínú yàrá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Àwọn tó ń lọ ra àlòkù òkè òkun kì í wo ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá pariwo jù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, tàbí èyí tí iye watt ara rẹ̀ bá pọ̀ jù. Watt kì í sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń fa eruku tó, iná tó ń jẹ ló ń sọ. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de títa ẹ̀rọ tuntun tó bá kọjá 1,600 watt ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014, wọ́n sì tún já a sí 900 lọ́dún 2017. Àwọn èèyàn wọn kò torí ìyẹn padà sídìí ọwọ̀. Ẹ tún wo fólítì. Iná 230 ni wọ́n ń lò ní Gánà, 120 ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bá kì bọ iná Kumasi láìsí transfọ́mà, èéfín ló máa kọ́kọ́ tú jáde.

Lẹ́yìn èyí, kí oníbàárà ní kí wọ́n ṣí ikùn rẹ̀ kóun rí asẹ́ inú rẹ̀. Asẹ́ HEPA gidi ń mú 9,997 nínú 10,000 ègé eruku tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.3 micron, bẹ́ẹ̀ 1,000 micron ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n kàn kọ ọ́ sí lára pé ó dà bíi HEPA kò fi dandan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ alápò dára fún onikọ́ fée, nítorí àti eruku àti àpò ni wọ́n jọ ń dà nù. Àmọ́ bí kò bá sí àpò rẹ̀ lọ́jà, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe lóṣù kejì? Kí wọ́n sì tan án níṣojú olùtajà, kí wọ́n mú aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde lẹ́yìn. Tí aṣọ náà bá pọ́n, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un.

Nílé, wọ́n á kọ́kọ́ ti fèrèsé, wọ́n á nu òkè kí wọ́n tó kan ilẹ̀, ọmọ onikọ́ fée á sì jáde, torí bó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó, eruku díẹ̀ á gbéra. Kí wọ́n má sáré. Kí wọ́n rọra tì í lọ, kí wọ́n fà á bọ̀, kí wọ́n sì tún gba ìbú kọjá lójú kan náà. Eérú ààrò èédú kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀, ẹyin iná tó fara pa mọ́ lè jó o. Asẹ́ tí wọ́n bá fọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ fún odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó dá a padà. Ní ti àwọn kòkòrò tíntìntín inú bẹ́ẹ̀dì tí ìgbẹ́ wọn ń ru ikọ́ fée sókè, ẹ̀rọ nìkan kò ká wọn, omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí wọ́n fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ tí iná bá sì lọ, bó ṣe ń lọ léraléra láàárín ọdún 2012 sí 2016 tí àwọn ará Gánà fi ń pè é ní dumsor, kí wọ́n ká ẹní ìkírun lọ síta, kí wọ́n fi igi nà án, kí ẹni tó ń nà án kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́, kí ọmọ náà sì wà nínú ilé.