Lẹ́tà sí Kọ́lá Lórí Ọ̀rọ̀ Ẹja àti Ọkọ̀

Abigi,
Ogun Waterside,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kọkànlá, 2025.

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Manchester ò tíì gbé ọ mì? Ìyá rẹ kí ọ o. Ara wọn le, wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì rántí adùn ẹja ọ̀sà.

Ọ̀rọ̀ ẹja náà ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Àwọn ìtàn ìlú tí àwọn olùkọ́ bá wa tẹ̀, láti Ìwòpin dé Mákùn-Omi, fáìlì kan náà ló wà lọ́dọ̀ èmi àti ìwọ. Lucene kan náà la fi ń wá nǹkan nínú wọn. Bí a bá wá "omi", èsì wa bára mu régí. Bí a bá wá "ẹja", tìẹ á kó ẹja jọ rẹpẹtẹ, tèmi á ní kò sóhun tó jọ ọ́. Létí ọ̀sà níbí!

O ní kí n pa atọ́ka tí Lucene ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rẹ́, kí n tún un ṣe. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, pàbó ló já sí. Ohun tó là mí lójú ni pé "omi" kò ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀, "ẹja" ní. Orí Java ni Lucene ń ṣiṣẹ́, mo bá tẹ java -version: Java 8 ló wà lórí Windows tèmi, 21 ni tìẹ. Kó tó di JDK 18, tó jáde lóṣù Kẹta 2022, bí o kò bá sọ kóòdù tí wọ́n fi kọ fáìlì fún Java, èyí tí kọ̀ǹpútà ń lò lòun náà á lò. Windows-1252 sì ni tèmi. Láti 18 ló ti di UTF-8 níbi gbogbo. Byte mẹ́ta ni lẹ́tà "ẹ" ń gbà nínú UTF-8. Java 8 mi wá ń ka byte mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló bá kọ "áº¹ja" sínú atọ́ka. Ta ni yóò wá irú ẹja bẹ́ẹ̀? Mo kọ UTF-8 síbi tí prógíráàmù ti ń ka fáìlì, mo tún atọ́ka ṣe, ẹja sì jáde.

Ó wá ku "ọkọ̀". Èyí kò mọ ẹ̀dà Java kankan, ìwọ náà kò rí gbogbo rẹ̀. Unicode kò ní lẹ́tà ẹyọ kan tó jẹ́ ọ̀ tiwa yìí. Olùkọ́ kan tẹ ọ, ó fi àmì ohùn lé e. Èkejì tẹ ò, ó fi àmì sísàlẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Normalizer inú Java, tó ti wà láti ẹ̀dà 6, á sọ méjèèjì di ọ̀kan. Àmọ́ bàbá olùkọ́ kan ní Ìbíadé, ìlà kékeré ni wọ́n ń fà sábẹ́ o tiwọn. Normalizer kò ní fọwọ́ kan ìyẹn, àwa la máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ti pé ká bọ́ gbogbo àmì dànù, n kò gbà o. Ọkọ̀ ojú omi, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, gbogbo wọn á di "oko". (N kò tíì dárúkọ ìkan tí àgbà kì í pè ní gbangba.) Ẹni tó ń wá ìtàn ọkọ̀ Mákùn-Omi á wá máa ka ẹjọ́ tọkọtaya. Atọ́ka méjì ni kí a ní, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí. Kí èsì tó ní àmì ṣáájú. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè tẹ àmì náà á rí nǹkan mú.

Jọ̀ọ́, má tíì kúrò lórí Java 21 o. Àwọn tó ni Lucene fúnra wọn kìlọ̀ pé bí èèyàn bá pààrọ̀ ẹ̀dà Java, kó tún atọ́ka ṣe, torí Unicode inú ẹ̀dà kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Java 1.4 ń lo Unicode 3.0, Java 5 ń lo 4.0, àmì kan wà, U+02C6, tí 1.4 á fi gé ọ̀rọ̀ sí méjì, tí 5 á sì kà á sí lẹ́tà. Bí mo bá dé Àgọ́-Ìwòyè ní Sátidé, n óò wa Java 21 sórí laptop mi, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Fi àwọn ọ̀rọ̀ tí o fi ń dán tìẹ wò ránṣẹ́, kí n fi wọ́n dán tèmi wò. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ìyá rẹ tún ní kí o pe àwọn lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń sùn bí o ti máa ń ṣe.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fẹ́mi.