Òkú Tó Pẹ́ Kó Tó Lórúkọ

Ẹ bi èèyàn méjì tó ti ka Roseanna léèrè, ohùn méjì lẹ máa gbọ́. Ẹnì kan á ní òun ò tíì rí ìwé ìtàn ọ̀daràn tó dára tó o. Ẹnì kejì á ní oorun ti gbé òun lọ kí òun tó kà á dé ìdajì. Mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn tá a jọ ń yá ìwé lọ́wọ́ ara wa n'Íbàdàn, ohun kan náà sì ni olùyìn àti ẹlẹ́sùn ń tọ́ka sí: ìwé yìí ò yára. Bí ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ ṣe ń rìn ló ń rìn, ìyẹn ni pé ìgbà púpọ̀ ló dúró sójú kan.

Maj Sjöwall àti Per Wahlöö ló kọ ọ́, obìnrin kan àti ọkùnrin kan ní Swídìn, tí wọ́n jọ ń gbé láìṣègbéyàwó. Alẹ́, nígbà táwọn ọmọ bá ti sùn, ni wọ́n máa ń jókòó sídìí iṣẹ́. Ẹni tibí á kọ orí kan, ẹni tọ̀hún á kọ èyí tó kàn. Ìwé mẹ́wàá ni wọ́n kọ láti 1965 sí 1975, orí 30 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Roseanna sì ni àkọ́bí. Wahlöö kú lọ́dún 1975 gan-an, Sjöwall sì gbé ayé títí di 2020. The Laughing Policeman ló gbayì jù lókè òkun, òun ló gba ẹ̀bùn Edgar ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971. Lọ́dọ̀ tiwa, àkọ́bí yìí là ń jà lé lórí.

Ọjọ́ 8 oṣù Keje ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kó ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi ń ṣiṣẹ́ ní Borenshult, lẹ́bàá ìlú Motala, lójú odò Göta tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, ló bá gbé òkú obìnrin kan jáde. Kò sí aṣọ lára rẹ̀, kò sí ìwé, kò sì sẹ́ni tó ń wá a. Àmọ́ kí wọ́n tó jẹ́ ká mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe débẹ̀, wọ́n fara balẹ̀ ròyìn bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, tí wọn ò mọ iṣẹ́ ta ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé fáìlì máa ń sùn lórí tábìlì ní Swídìn náà. Àwọn tó ń sọ pé ìwé yìí ò pani lẹ́rìn-ín, mi ò rò pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì rí.

Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Martin Beck, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti Stockholm wá, ò ju ẹnikẹ́ni nílẹ̀, kò sì fò látorí òrùlé kan bọ́ sórí èkejì. Ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, inú ń run ún, òun àti ìyàwó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí wọ́n lè bára wọn sọ mọ́. Ó máa ń fi igi kan ọkọ̀ ojú omi kéékèèké bó bá délé. Á tẹ Ahlberg, ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Motala, láago, Ahlberg á ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó bá yá, Ahlberg á tẹ Beck náà láago, Beck náà á ní kò sí nǹkan kan. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, títí ìròyìn fi dé láti ìlú Lincoln ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, pé Roseanna McGraw ni orúkọ olóògbé, pé ọmọ ọdún 27 ni, pé ilé ìkàwé ló ń bá ṣiṣẹ́. Ibi tá a bá orúkọ yìí pàdé ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé tó rọ́jú dé ibẹ̀ ti máa ń sọ pé àyà àwọn já. Tó bá jẹ́ pé ojú ewé kejì ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ fún wa ni, ta ni ì bá rántí?

Apá tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwòrán. Ọlọ́pàá ti mọ̀ pé inú ọkọ̀ ojú omi Diana ni obìnrin náà wà, àmọ́ àwọn èrò ọkọ̀ ọ̀hún ti fọ́n ká sí orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n wá ń kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fi fọ́tò àti fíìmù tí wọ́n yà nínú ìrìn àjò náà ránṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ju òkú rẹ̀ lọ jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń wo ògiri, Roseanna sì yọ. Ó ń rìn kiri lórí ọkọ̀ bíi gbogbo arìnrìn-àjò yòókù. Ẹnì kan wà nítòsí rẹ̀. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́, torí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò nídàáríjì láàárín wa ni kéèyàn tú àṣírí ìwé fún ẹni tí kò tíì kà á.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn ni mo lè bá ìwé náà já. Olùkọ́ kan wà láàárín wa, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí kì í fẹ̀ẹ̀kan gba ìwé gbọ́. Ó ní ìhòòhò ni wọ́n fi obìnrin yìí hàn wá ná kó tó lórúkọ. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ mú apààyàn, obìnrin mìíràn, Sonja Hansson, tó jẹ́ ọlọ́pàá, ni wọ́n fi ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀. Àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ pẹ́ kí wọ́n tó dé, díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n bá òkú kejì. "Ta ló bi í bó ṣe rí lára rẹ̀?" Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa nìyẹn. Ẹnì kan fèsì pé obìnrin ló kọ ìdajì ìwé náà. Lóòótọ́, Sjöwall fúnra rẹ̀ ló sọ pé nígbà tí àwọn méjèèjì wà nínú ọkọ̀ lójú odò yẹn, òun rí i tí Wahlöö ń wo arẹwà ará Amẹ́ríkà kan, òun sì dábàá pé àwọn kò ṣe kúkú fi ikú obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ ìwé. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n wa, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin ló wo ìwòkuwò, obìnrin tí wọ́n ń wò ló kú." Mi ò rí èsì fọ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀, mo tọ́ka sí àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, níbi tí ọkùnrin tó fẹ́ ẹ sọ́nà rí àti obìnrin tí wọ́n jọ gbé ilé ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹní ń sọ nípa èèyàn méjì ni. Ibẹ̀ ni Roseanna ti di alààyè fún mi, kì í ṣe nínú fíìmù nìkan.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sájẹ́ǹtì, fara mọ́ ìwé náà pátápátá. "Dídúró ni iṣẹ́ wa, ẹ̀yin ọmọ yìí. Kí ẹ dúró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún dúró." Ohun kan ṣoṣo tó rú u lójú ni pé látorí ìwé kíní dé ìgbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún olùfisùn kó lọ ra bébà tàbí kó fowó epo bẹntiróòlù sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó sì bínú díẹ̀ nígbà tí mo sọ pé àwọn òǹkọ̀wé náà, tí wọ́n jẹ́ ọmọlẹ́yìn Marx, ò kọ ọ́ láti yin ọlọ́pàá. Pé bí ìwé wọn ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń gbá ìjọba àti ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú wọn létí gbáàgbáà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn lédè Yorùbá. Ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín Roseanna àti Àjà Ló Lẹrù, tó jáde lọ́dún 1969. Làpàdé, tó ń lépa ọ̀daràn nínú rẹ̀, ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Ní Swídìn, òǹkàwé lè gbà pé ọlọ́pàá tó ń gbowó oṣù, tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, á fi oṣù mẹ́fà wá ẹni tó pa àlejò tí kò ní ẹbí nítòsí. Èmi gbà pé Òkédìjí mọ̀ pé a ò ní gbà á gbọ́ báyẹn níhìn-ín, ló ṣe kọ́kọ́ bọ́ yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn Làpàdé. Bàbá Sájẹ́ǹtì ní irọ́ ni. Ó ní òǹkọ̀wé náà kàn fẹ́ kí Làpàdé ráyè sáré ni, torí ọlọ́pàá tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ò lè sáré bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ti yá Àjà Ló Lẹrù lọ láti fi já mi nírọ́, kò sì tíì dá a padà.