Ohùn Iyọ̀ Lọ́nà Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ bá wọ mọ́tò ní Ìkòròdú tí ẹ ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ má ṣe sùn o. Ẹ tẹ́tí sí àwọn èrò ọkọ̀. Níjọ́ kan tí mo ń padà sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, obìnrin ẹlẹ́ja kan ń bá awakọ̀ ná owó ọkọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún goro. Bàbá kan lẹ́yìn mi ní, "Ohùn iyọ̀ rèé!" Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì dín owó náà kù.

Iyọ̀ ni Yorùbá fi ń yin ohùn, kì í ṣe ṣúgà; ohun tí ó mú ọbẹ̀ dùn náà ni ó mú ọ̀rọ̀ dùn. Ẹ sì wo "dùn" àti "dún", àmì orí wọn nìkan ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò há lẹ́nu rẹ̀, a ní ó sọ ọ́ já geere. Ẹni tí kì í pariwo mọ́ ènìyàn, a ní wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n etí ta ni ó ń ṣe ìdájọ́? Apá méjì ni Ẹ̀pẹ́ ní: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ ti àwọn tí ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Kòsọ́kọ́ padà ní 1862, ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ kò bá a lọ. Níbi tí Èkó àti ìwé wa pe "owó", ẹnu Ìjẹ̀bú a pe "eó".

Mo jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Ọmọbìnrin kan ń kàwé ní kíláàsì mi, ó pe "owó" ní "eó". Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà kò na ọwọ́ mọ́ pé òun fẹ́ kàwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo bá a lọ́jà ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń fi Ìjẹ̀bú pe oníbàárà, goro, geere, àwọn ènìyàn ń yà sọ́dọ̀ wọn. Bí ó ti rí mi, ó dákẹ́ lójijì.

Mo mú ẹja kan, mo bèèrè pé eó mélòó ni. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni!" Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo ní kí ó kà á bí wọ́n ti ń pè é nílé wọn, lẹ́yìn náà kí ó kà á bí ìwé ti kọ ọ́. Ó ka méjèèjì.