Ọkọ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Jí Dìde

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti fojú ara mi rí ọkọ̀ akẹ́rú, nínú kọ̀ǹpútà. L'Aurore lorúkọ rẹ̀, ọkọ̀ onígbòkun Faransé ti ọdún 1784. Nǹkan bí 600 ènìyàn ló kó ní Àǹgólà. Ọkọ̀ ti lọ, àmọ́ àwòrán tí wọ́n fi kàn án ṣì wà. Òun làwọn onímọ̀ fi tò ó padà ní pákó-pákó. Wọ́n tẹ́ pẹpẹ sínú àjà, kí àwọn kan sùn lókè, kí àwọn kan sùn nísàlẹ̀, bí ẹní to igi ìdáná. Orí mi wú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gbé àwọn tiwa lọ sí Kúbà. Ayàwòrán wọn gbogbo igi pé. Kò kọ orúkọ ẹrú kan. Igi ti jí dìde. Àwọn èèyàn náà ńkọ́?